Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Eilert

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ètò wa máa ń lò kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà tán, àwọn apẹja ìlú Bodø ní Norway sì ti bú wa títí lórí ẹ̀. Ètò náà ló ń fi bí òkun ṣe jìn tó àti ibi tí òkúta wà hàn wọ́n. Sunniva Myklebost, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń ṣe olùgbékalẹ̀, ìyẹn fáìlì tí èèyàn máa tẹ̀ kí gbogbo nǹkan tó to ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ní oṣù kìíní, ó tún un ṣe, ó jẹ́ kó lo agbára tí ọpọlọ àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ní. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá di ìṣẹ́jú kan péré.

Inú Torleif, ọ̀gá wa, dùn kọjá ààlà. "Ká fi ránṣẹ́ lónìí!"

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan ni mo ti dán an wò," ni Sunniva wí. "Jẹ́ kí n lọ dán an wò ní èbúté ná."

"Ìwọ àti ojo rẹ! Ó dáa, mo fún ẹ di ìrọ̀lẹ́."

Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. Eilert, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ń kó àwọ̀n sínú ọkọ̀. Aago mẹ́rin ló fẹ́ ṣí lọ sí erékùṣù Lofoten, torí ẹja kọ́ọ̀dù ti ń wọlé.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní kọ̀ǹpútà yín díẹ̀."

"Ẹ lò ó. Àmọ́ ẹ má bá a jà o, ó ti dàgbà."

Sunniva tẹ fáìlì náà. Ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì pa dé láìsọ ohunkóhun. Ọpọlọ rẹ̀ ti pẹ́ jù, kò mọ iṣẹ́ tuntun tí a bẹ̀ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé olùgbékalẹ̀ ti kọ́kọ́ pa ètò àtijọ́ rẹ́. Àwòrán òkun ti lọ.

Eilert wo ẹ̀rọ, ó wo aago. "Sunniva, òkúta ló kún ọ̀nà tí mò ń lọ o."

Sunniva gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lé orí àpótí ẹja, ó yọ iṣẹ́ tuntun yẹn kúrò, ó sì kó olùgbékalẹ̀ míì jọ tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè gbà. Ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Eilert bu kọfí fún wa, kò sẹ́ni tó lè mu ún. Nígbà tí àwòrán òkun yọ padà, mo gbọ́ bí Sunniva ṣe mí kanlẹ̀. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣí.

Kò tíì bọ́ kóòtù ní ọ́fíìsì tó fi sọ fún Torleif pé: "Olùgbékalẹ̀ á kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó lè ṣe. Tó bá jẹ́ tuntun, á gba ọ̀nà tó yá. Tó bá ti gbó, á rọra ṣe é. Kò sì ní fọwọ́ kan ètò àtijọ́ àfi tí tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́."

"Fáìlì á wúwo ní ìlọ́po méjì o."

"Kó wúwo."

Torleif fọwọ́ ra iwájú orí. "Ká ní a ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ kejì la fi ránṣẹ́ sí irinwó ọkọ̀. Mọ́kànléláàádọ́rin nínú wọn ló ń lo ẹ̀rọ àtijọ́. A jókòó ti fóònù láti àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ lẹ́tà ojú ẹ̀rọ di ńlá. Sunniva ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ sábẹ́ tábìlì.