Ọjọ́ Tí Onísólà Wá Wọn Iná

Panápaná ni àwọn ọmọ ń pe bàbá wọn lẹ́yìn, nítorí kò sí yàrá tó wọ̀ tí kò ní pa iná ibẹ̀ bó bá ń jáde, ìbáà jẹ́ pé èèyàn ṣì jókòó síbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Láti ìgbà tí owó iná ti ń lọ sókè ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Owó tó ti ń tù jọ láti fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fági ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kó fi ra sólà ni, àbí kó ra ẹ̀rọ rẹ̀ kó sì máa fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀? Bó bá ra sólà tí kò ṣiṣẹ́, ó pàdánù méjèèjì nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló tún dá kún ẹ̀rù náà. Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ìyá, inú fìríìjì àtijọ́ tó ń kùn ní ilé ìdáná bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì máa ń wà, torí ooru ń ba oògùn yẹn jẹ́. Ó di oṣù kejì báyìí tí ṣúgà náà ti kọ̀ tí kò wálẹ̀. Dókítà ti fi kún oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó Panápaná, tó ń gún ìyá ní abẹ́rẹ́, kò mọ ohun tí òun ṣe tí kò dáa.

Àárọ̀ Sátidé ni onísólà dé. Ó fi ẹnu irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná há wáyà ẹ̀gbẹ́ mítà, ó wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ilé yín ò jẹ iná rárá. Sólà kékeré ti tó yín. Kẹ́ ẹ kàn dí àwọn fèrèsé tó ń jẹ́ kí ooru wọlé yẹn."

Ojú ti gbẹ́nàgbẹ́nà díẹ̀, fèrèsé oníbàárà nìkan ló máa ń ráyè tún ṣe. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn. Bó bá jẹ́ kékeré ló máa rà, owó ẹ̀rọ kò ní tán. Ó gba bírò lọ́wọ́ onísólà láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ìgbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ló gbọ́ bí bírò ṣe ń ha ìwé. Kò gbọ́ irú ẹ̀ rí nínú ilé yìí. Ilé ti dákẹ́ jù. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Okùn iná fìríìjì wà lórí rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì fi àkísà kékeré kan dì í. Àkísà náà ti dọ̀tí lójú ibi tí wọ́n ti ń so ó tí wọ́n ń tú u.

"Màámi, ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni. Àlejò ń bọ̀, ariwo ẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ra yín."

"Òní nìkan ni?"

Ìyá gbójú sápá kan. "Tẹ́ ẹ bá ti jáde láàárọ̀ ni mo máa ń yọ ọ́. Tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé, màá tún tì í bọ ojú iná. O ní owó iná fẹ́ pa ọ́. Kí ni mo tún lè fi ràn ọ́ lọ́wọ́?"

Panápaná ṣí fìríìjì. Ó mú ìgò oògùn náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méjì gbáko. Ìyàwó rẹ̀ wọlé wá, ó gba ìgò náà, ó wò ó, ó wọ bàtà, ó gba ilé ìwòsàn lọ láti gba òmíràn.

Onísólà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti okùn bọ ojú iná, fìríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, onísólà sì padà sídìí mítà, ó tún iná wọ̀n. Òǹkà náà fò sókè.

"Fìríìjì yẹn nìkan ń jẹ iná ju gbogbo ìyókù ilé lọ, ọ̀gá. Ẹ gba tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi sólà sí i. Àmọ́ owó ẹ̀ á pọ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ pé ẹ̀rọ ìfági òun ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò mọ ohun tí dókítà máa sọ. Ó fọwọ́ sí ìwé tí onísólà tún kọ.

Ìyá rẹ̀ dìde láti máa lọ sí yàrá rẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń pa gílóòbù ilé ìdáná.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màámi," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa tàn."