Eékún Mi Kò Gbọ́ràn

Ṣé ẹ rí ayé mi? Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ búra fún ìjọba Italy gan-an ni ọmọ mi Testimony kọ́kọ́ mú mi búra nínú ilé. "Mamma, giura che non ti inginocchi!" Kí èmi Ìbíwùmí búra pé n kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú wa. Ó ní àwọn ẹrú ló ń kúnlẹ̀ fún òyìnbó, pé ó wà nínú ìwé ìtàn wọn.

"Ta lẹrú? Ẹrú kọ́, ẹrù ni!"

Ṣùgbọ́n mo búra. Ọ̀tunla ni yóò pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Bí mo bá di ọmọ Italy lónìí tí kò tíì pé e, òun náà ti dà á nìyẹn. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá fi lè kọjá, òun fúnra rẹ̀ á lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí mo pọ̀n wá láti Òṣogbo, tí kò mọ ìlú mìíràn ju ẹ̀gbẹ́ Padua yìí lọ. Bó bá ní kí n fi orí rìn lọ síbẹ̀, màá fi orí rìn.

Mo ti rò pé géńdé ọkùnrin kan ni màá bá tó wọ ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti ìjọba. Áà! Ìyá àgbà ni o, Signora Sofia, olórí ìlú náà, irun wọn funfun báláú, ojú wọn tutù bíi ti ìyá tó bí mi. Mo fi agídí dúró ṣánṣán. Mo ka ìbúra náà láìkọsẹ̀. Ó ku kí n buwọ́ lùwé nìkan, ni màmá náà bá na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní, "Brava, figlia mia."

Ọmọ mi! Wọ́n pè mí lọ́mọ! Kí n tó mọ̀, eékún mi méjèèjì ti balẹ̀ gbì. "Ẹ ṣé, mà!"

Ojú Signora Sofia pọ́n bí ata. Wọ́n ní kí n dìde kíá, pé oko ẹrú ti parí, pé obìnrin dúdú kì í kúnlẹ̀ fún funfun mọ́ ní Italy. Mò ń wí pé "Sì, sì," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì dìde, torí wọn ò tíì kí mi padà. Ta ló ń dìde kí àgbà tó dáhùn? Ni wọ́n bá sọ fún akọ̀wé wọn pé bóyá ìbúra náà ò yé mi, kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀! Mo gbé! Gbogbo Italian tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi.

Testimony tó bá mi wá ló fò dìde níbi tó jókòó sí lẹ́yìn. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i sí mi, mo rí i. "Mia madre non è serva di nessuno!" Ó ní ìyá òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, pé ẹrú ni wọ́n ń fowó rà, pé bíbíire ò ṣe é fowó rà, pé ìyá òun kúnlẹ̀ torí wọ́n pè é lọ́mọ. Háà! Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu láràárọ̀, mo ṣe bí etí rẹ̀ di ni!

Omi lé ròrò lójú Signora Sofia. "Allora siamo pari," wọ́n ní, a dọ́gba nìyẹn. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ fún èmi!

"Èèwọ̀! Màmá, ẹ dìde! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé!" Wọn ò gbọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tún tẹ̀ wálẹ̀ sí i, títí àyà mi fi kanlẹ̀. Àwọn náà tẹ̀ wálẹ̀ sí i. Gèlè mi yí dànù. Nígbà tí wọ́n máa dìde, "Madonna, il ginocchio!" Eékún wọn ti há. Ẹ̀rín pa wá, akọ̀wé pàápàá ń di ikùn mú. Wọ́n ní kó gbé ìwé náà wá bá wa nílẹ̀, orí ilẹ̀ náà ni mo sì ti buwọ́ lù ú.

Mo gbójú sókè. Testimony nìkan ló wà lóòró lọ́dọ̀ wa, ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kúnlẹ̀ kí o kí màmá" ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó dúró jàre, ọmọ onílé ni.