Ohùn Bàbá Kò Tíì Dákẹ́

Láti ọjọ́ tí ọkọ Jaja ti kú, oṣù mẹ́rìnlá gbáko, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn obìnrin náà. Kì í ṣe pé ó ya odi. Láàrin àwa Warlpiri, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ aṣálẹ̀ Tanami, opó kì í sọ̀rọ̀ títí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ yóò fi tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń sọ ohun gbogbo. Àwọn àgbà obìnrin wa sì lè fi ọwọ́ dá àpárá, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe òfófó, kí wọ́n sì fi ọwọ́ bú ènìyàn débi pé onítọ̀hún á sunkún délé. Ṣùgbọ́n ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú ẹnu Jaja sílẹ̀ ti kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti wá tí ó kọ̀ fún wọn. Lorelle, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń pè é ní Jaja nítorí pé òun ló bí ìyá rẹ̀, mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni.

Fídíò kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bàbá àgbà, ọkọ Jaja, àti àwọn ẹbí jókòó ti iná, ajá já wọ àárín wọn, ó gbé ìrù kangarú tí wọ́n ń sun, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àgbàlagbà mìíràn ì bá ju igi mọ́ ọn. Bàbá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó káwọ́ mọ́ ẹnu, ó pariwo tẹ̀ lé e pé, "Padà wá, olè! O ò mú iyọ̀!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn tí yóò sì parí sí ikọ́.

Lorelle gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, àwọn tí kò mọ ibi tí aṣálẹ̀ Tanami wà láyé ti gbé ohùn bàbá lé ajá tiwọn, wọ́n gbé e lé ọmọ tiwọn, lé ọkọ tó já wọn sílẹ̀, lé àwọn olóṣèlú wọn. Inú bàbá dùn, orí rẹ̀ sì wú. "Wọ́n mọ̀ mí ní Brasil," ló máa ń sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́ ní Brasil?"

Jaja nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lorelle, lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí bá kú, báwo lo ṣe máa mú ohùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀?"

"Jaja, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìka kan péré ni. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti pa rẹ́ nìyẹn."

"Ìka kan?"

"Ìka kan, Jaja."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti sin mí tán," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹun ná."

Lorelle kò parọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ìgbà òtútù ni bàbá kú. A ṣe ohun tí à ń ṣe. A fi ewéko gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ilé àti àgbàlá, a kó jáde nínú ilé náà, a kó àwọn àwòrán rẹ̀ pamọ́, orúkọ rẹ̀ sì kúrò lẹ́nu wa. Ọkùnrin tó ń ta epo ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ orúkọ kan náà, Kumanjayi ni à ń pè é báyìí, bí a ṣe ń pe ẹnikẹ́ni tí ikú bá gba orúkọ mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá ń pe òkú, tí à ń wo ojú rẹ̀, tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà lọ. Yóò máa yí ilé ká ni, kò dára fún un, kò sì dára fún àwa náà. Jaja gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ sí ibùdó àwọn opó, ó pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Lorelle fi ìka kan tẹ fídíò náà, ó sì pa rẹ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì tuntun tó ti ìlú ńlá wá ń wo fóònù rẹ̀ jẹ́jẹ́, ni fóònù bá ké pé, "O ò mú iyọ̀!" Àwọn ìyá méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì di etí wọn, wọ́n dìde, wọ́n jáde láìgba oògùn. Lorelle rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ibi tí fídíò náà wà. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, ó bi í bóyá òun ló ni ohùn náà. Kí ni ènìyàn ń dáhùn sí irú ìyẹn? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ènìyàn níkọ̀ọ̀kan, lálẹ́ àti lójúmọmọ. Àwọn kan yọ tiwọn, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Obìnrin kan fèsì tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Má bínú, àmọ́ a fẹ́ràn bàbá yín gan-an ni. Báyìí la ṣe ń mú kí wọ́n wà láàyè." Ohun tí à ń sá fún gan-an ni obìnrin náà fi ń tù ú nínú. Lorelle da fóònù bolẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú ẹnu Jaja sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Lorelle ní òun kò ní gbà kí ó bàjẹ́. Ó gbé garawa, ó ń gba fóònù kiri láti ojúlé dé ojúlé.

"Ṣé fóònù tèmi ló pa á ni?" ni Kumanjayi bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síbẹ̀. Kò ní ju ọ̀sán lọ."

"Tí ìyàwó mi bá pè mí ńkọ́?"

"Ìyàwó yín ló jókòó ti Jaja lọ́hùn-ún yẹn."

Kumanjayi fi fóònù sínú garawa, ó ń kùn.

Napaljarri, àbúrò olóògbé, ló gbé búrẹ́dì inú eérú àti tíì wá. Òun ló ní àṣẹ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́: bí ó bá ti fi oúnjẹ kan ẹnu opó, ẹnu náà ti tú sílẹ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ síwájú Jaja, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹnu yìí ti sinmi tó. Wá bú mi bí o ṣe máa ń bú mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pè mí ní ọ̀lẹ." Èjìká Jaja mì, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ó na ọrùn síwájú. Ó la ẹnu díẹ̀ kí wọ́n lè fi búrẹ́dì kàn án.

Ọkọ̀ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ló yà wọ ìlú, wọ́n fẹ́ ra epo. Orin ń dún nínú rẹ̀ kíkankíkan. Ẹnì kan ti fi ìlù sí ohùn bàbá. "Padà wá, olè," lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ikọ́. Awakọ̀ juwọ́ sí wa bó ṣe ń kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ní ibi kankan lọ́kàn sí wa, ìyẹn ló tiẹ̀ dun Lorelle jù. Jaja pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì rí ohun tó sọ.

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."

Ó dìde, ó gbọn eruku yẹ̀rì rẹ̀, ó padà sí ibùdó opó.

Lorelle tẹ̀ lé e. Ó bá a lábẹ́ igi, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀. "Jaja, ẹ bínú sí mi. Ẹ gbá mi létí. Èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yìí ti pọ̀ jù fún mi."

Ọwọ́ Jaja sọ̀rọ̀. Lorelle kò gbọ́ ọ tán, nítorí èdè ọwọ́ kò yé àwọn ọmọ ìsinsìnyí dáadáa, Jaja sì tún un sọ díẹ̀díẹ̀. "N ò bínú. Nígbà ayé rẹ̀ náà, kì í jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí ó bá sọ tirẹ̀ tán, màá sọ tèmi."

Ìgbà náà ló tó yé Lorelle pé Jaja ń dúró. Ó gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn náà yóò tán. Irọ́ ti dé ẹnu Lorelle, irọ́ kékeré tó rọrùn: ó kù díẹ̀, Jaja, ó máa tán lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbé e mì.

"Jaja, kò ní sọ tán. Láéláé. Ọ̀rọ̀ ìka kan tí mo sọ yẹn, n ò mọ̀ ni. Wọ́n ti gbé ohùn bàbá lọ sí ibi tí n ò mọ̀, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí n ò mọ̀."

Jaja fi ọwọ́ béèrè pé, "Ṣé àwọn tó gbé e lọ pọ̀ tó wa?"

"Wọ́n pọ̀ jù wá lọ, Jaja."

Obìnrin náà gbé ojú sí ọ̀nà. Lorelle ń ronú ohùn Jaja tó ń kọrin fún un kó lè sùn, tó ń ké pè é láti ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù pé oúnjẹ ti jinná. Kò ní gbọ́ ọ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ayọ̀ gbé fídíò tó fà á síta, bí ẹni ń ṣe ẹbí rẹ̀ lóore.

Jaja fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Jókòó. Ọwọ́ rẹ le bí igi. Bí a ó ti máa bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyí, o gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n." Ó fa ọwọ́ Lorelle, ó na àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì tí à ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ọwọ́: omi. Lorelle ṣe é, kò gún. Jaja tú ìka rẹ̀ palẹ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀.