Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Teodoro

Ìwà kan wà láàárín àwa tí a ń kó ife tíkì jọ, àwọn ife amọ̀ olójú òrìṣà tí ilé ọtí fi ń bu ọtí, tó máa ń bí mi nínú. Bí o bá gbé ife fún ẹnikẹ́ni nínú wa, kò ní kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ojú ère tí wọ́n gbẹ́ sí i ni gbogbo ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni yóò yí i dojú dé, tí yóò máa wo ìdí rẹ̀. Ta ló kọ orúkọ síbẹ̀? Ilé ọtí wo ló ni ín? Bí orúkọ bá wà, ẹnu rẹ̀ yóò là. Bí kò bá sí, yóò dá a padà fún ọ bí ẹni dá ẹja rírà padà.

Bẹ́ẹ̀ ni Wendell Stroud ṣe sí ife ìyá mi, lójú èmi Marisela, nínú garéèjì tèmi ní National City. Wendell yìí ni ọmọ ọmọ Royce Stroud, ẹni tó ni Tahuna, ilé ọtí olórùlé ọ̀pẹ tó wà létí omi ní San Diego nígbà tí bàbá mi ṣì ń po ọtí. Wọ́n ti wó Tahuna tipẹ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló dà. Ohun tó kù níbẹ̀ tí gbogbo wa ń wá lójú méjèèjì ni ife kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́run Afẹ́fẹ́: iwájú orí rẹ̀ le koko, ẹnu rẹ̀ wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sì wú bọnbọ. Àwọn ọ̀mọ̀ràn wa ní ìjì ló kó sẹ́nu tó fẹ́ tú sójú òkun. Ti Wendell wà nínú àpótí gíláàsì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ wà nídìí rẹ̀ gbàgàdà.

Ó yí ti ìyá mi dé. Ìdí rẹ̀ ń dán, kò sí orúkọ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n Marisela, ẹ má bínú o. Àdàkọ lèyí. Ẹnì kan ló wo ti bàbá bàbá mi ṣe é.”

“Wendell, ìyá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n.”

“Há, ẹ̀gbọ́n! Gbogbo ẹni tó bá ti ní ife tí ò lórúkọ ló máa ń ní ìyá tó fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n.”

Ohun tí kò jẹ́ kí n fọ́ ife náà mọ́ ọn lórí ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìyá mi, Eufemia, ló ń mọ ère ife fún ilé iṣẹ́ amọ̀ kan lẹ́yìn èbúté nígbà náà. Royce Stroud wá síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ ọlọ́run kan láti àwọn erékùṣù gúúsù, irú èyí tí ilé ọtí kankan kò ní. Kò mú àwòrán wá. Níbo ni yóò ti rí i? Ọkùnrin tó jẹ́ pé Tijuana, ìlú tó wà lódìkejì ẹnubodè nítòsí wa, ni ìrìn àjò rẹ̀ tó jìnnà jù lọ láyé, eré ìje ajá ló sì lọ wò níbẹ̀. Ìyá mi gbé amọ̀ wálé, ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bàbá mi Teodoro wọlé láti ibi iṣẹ́, akokoro ti mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ó jókòó sí iwájú adobo, ọbẹ̀ adìyẹ tó fẹ́ràn, tó gbóná fẹlifẹli tí kò lè jẹ, ó lejú mọ́ ọn bí ẹni pé adìyẹ inú rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wò ó títí. Ó wá fa amọ̀ mọ́ra.

Imú àti etí, inú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ya ère onígi àwọn ará erékùṣù sí ló ti wò wọ́n. Kò fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ẹnu wíwọ́ yẹn, ojú líle yẹn, bàbá mi ni. Nígbà tí Royce rí i, ó pariwo pé ọlọ́run gidi rèé! Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú móòdù, ohun tí wọ́n ń da amọ̀ sí kó lè mú àwòrán ère, ni ìyá mi gbé wálé kí wọ́n tó kọ nǹkan kan sí i. Bàbá mi ń fi í bu omi iyọ̀ fọ ẹnu títí ó fi gbà kí wọ́n yọ eyín náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kọfí ló ń fi í mu títí ó fi kú. Ìyẹn gan-an ni ife tí Wendell pè ní àdàkọ.

Nígbà tí ìyá mi lóyún mi, tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, Royce mú ọ̀kan nínú àwọn ife tó wà lórí káńtà, ó gbé e lọ síbòmíràn kí wọ́n fi ṣe móòdù tuntun, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan amọ̀ rí mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ tó sì wọ iná. Ife tí a bá fi ife ṣe kì í tó bàbá rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo ṣe ń bẹ Wendell láti ọjọ́ yìí wá pé kó gbé tirẹ̀ jáde nínú gíláàsì, kí a gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán. Kò gbà.

Ìkéde wá dé. Ní àpéjọ wa ọdọọdún, ní òtẹ́ẹ̀lì etí omi, Wendell yóò dá Ọlọ́run Afẹ́fẹ́ padà sáyé. Wọn yóò da amọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sínú móòdù lójú gbogbo èèyàn. Ìtàn wà tí wọn yóò tẹ̀ sára páálí rẹ̀: pé Royce Stroud tukọ̀ dé erékùṣù Marquesas, àgbà ìjòyè kan sì mú un wọnú igbó lọ fi ère náà hàn án. Mo ka ìtàn yìí sí ìyá mi létí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

“Ọlọ́run kí ni? Teodoro? Teodoro tó sá fún abẹ́rẹ́ dókítà eyín, tó lọ fara pa mọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì!” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Fi wọ́n sílẹ̀, Marisela. Jẹ́ kí wọ́n máa bọ bàbá ẹ. Kò sẹ́ni tó bọ ọ́ nígbà tó wà láyé.”

“Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín! Orúkọ Royce ni wọ́n tún fẹ́ kọ sídìí ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹ̀rín náà dúró. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

“Ta ló fẹ́ da amọ̀ ọ̀hún?”

“Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorsey.”

“Ṣé pí-ó-pí ni móòdù ẹ̀?”

“Pí-ó-pí ni.”

“Bá mi wá bàtà dúdú mi,” ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ Sátidé àpéjọ náà, nígbà tí èmi àti ìyá mi wọlé, gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kún fún àwọn ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì òdòdó, kálukú pẹ̀lú ọtí rọ́ọ̀mù àti ọ̀pẹ òyìnbó lọ́wọ́. Dorsey ti to móòdù rẹ̀ sórí tábìlì, apá méjì àti ìdí, pẹ̀lú garawa amọ̀ tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Wendell dúró ti àpótí gíláàsì rẹ̀, ó ti ń ròyìn bí òkun ṣe fẹ́ gbé bàbá bàbá rẹ̀ lọ. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbé ife ìyá mi kalẹ̀ síwájú rẹ̀, gbàà.

“Wendell, gbé tìrẹ jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjọ́ mi jẹ́.”

“Ọjọ́ ta ni? Mo ní kó o gbé e jáde!”

“Gbé e jáde, jàre!” ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. “Ṣé ẹyin ni?”

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó ṣí gíláàsì náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Tiwa fi ìbú ìka kan ga ju tirẹ̀ lọ. Eyín tiwa ṣeé kà. Tirẹ̀ ti pa rẹ́ bí ojú kọ́bọ̀ tó ti pẹ́ lápò. Kò sí ẹni tí a nílò láti ṣàlàyé fún. Gbogbo wọn mọ èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìyá mi. “Mà, ọlọ́run erékùṣù wo gan-an lèyí?”

“Ọkọ mi ni,” ni ìyá mi dáhùn. “Akokoro ló ń dà á láàmú. Ẹ ò rí i bó ṣe lejú? Adobo ni ò lè jẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan nu omijé. Mo rò pé ó parí. Wendell alára ló rẹ́rìn-ín jù, ó sì dì mọ́ ìyá mi.

“Ẹ gbọ́ ìtàn! Èyí dùn ju ti Marquesas lọ! Òun la máa tẹ̀ sára páálí: bàbá bàbá mi rí ẹni tó ń po ọtí fún un tí akokoro ń bá jà, ló bá ní kí wọ́n fi ojú ẹ̀ ṣe ife!”

“Kí àwọn wo fi ṣe é?” mo bi í.

“Àwọn òṣìṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé wọn ò lórúkọ ni?”

“Ẹ yé bínú. Stroud làwọn èèyàn mọ̀. Tí wọ́n bá yí i dé tí wọn ò rí Stroud, wọ́n á ní àdàkọ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá.”

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn ń mi orí sí i. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ tán! Bàbá bàbá rẹ̀ ti gba iyì ife náà lọ́wọ́ ìyá mi, a já irọ́ wọn, Wendell tún fẹ́ gba ojú ọkọ ìyá mi àti àwàdà rẹ̀ mọ́ ọn. Mo pariwo débi pé ohùn mi há. Olè ni mo pè é, mo pe bàbá bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, mo sì ní kí àwọn tó ń mi orí lọ wo orí tí wọ́n ń mì nínú dígí.

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ìyá mi kò sí níbi tí mo fi í sí. Ó ti dé ibi tábìlì Dorsey.

“Ọmọ mi, èwo ni ti ìdí níbí?”

Dorsey gbé e fún un. Orúkọ Royce Stroud yọ lára pí-ó-pí náà. Ìyá mi fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. Ó mú ọ̀bẹ Dorsey, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a kúrò. Ẹfun rẹ̀ ń dà sórí bàtà dúdú náà.

“Mà! Mà, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?” Wendell sáré bọ̀.

“Mò ń tún un ṣe ni.”

Dorsey bọ́ sáàárín wọn. “Dúró níbẹ̀, Wendell. Àgbà ń ṣiṣẹ́.”

Ìyá mi fa píìnì yọ nínú irun rẹ̀. Láti ọ̀tún lọ sí òsì ló ti ń kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dojú kọ ẹ̀yìn, bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú móòdù kó lè tọ́ lára ife. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró rárá. Orúkọ gbogbo ilé ọtí tó wà létí omi yẹn ló ti kọ báyìí rí, nígbà èwe rẹ̀. N kò tíì rí i kó kọ tirẹ̀.

Dorsey so móòdù pọ̀, ó da amọ̀ sí i. Ìgbà tó tó, ó da ìyókù jáde, a sì dúró kó lè le díẹ̀. Kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ṣí i, bàbá mi jáde tutù yọ̀yọ̀, ó ṣì lejú mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Wendell kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Bí ìwà wa ṣe rí, ó gbé e, ó yí i dojú dé kíá, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ ni Eufemia Abucay.

Amọ̀ náà kò tíì gbẹ. Àtàǹpàkò Wendell ti ń rì sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà.

“Rọra o, ọmọ Royce,” ni ìyá mi wí. “Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn ún.”