Ọjọ́ Tí Ọkọ́ Kì Í Kan Ilẹ̀

Fóònù kan ló sọ pé ọ̀lẹ ni mí. Èmi Kifayah, tí mo ti ń gun ọ̀kadà kiri oko ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Ìjàyè láti ọdún mẹ́fà, tí mo mọ ajá tó ń gbó lásán yàtọ̀ sí èyí tó ń bunijẹ.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló kó fóònù fún àwa tó ń bá wọn yẹ oko wò. Bí mo bá dé oko, mo gbọ́dọ̀ ya fọ́tò àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí òun náà sì tẹ àtàǹpàkò sí i; láìsí ìyẹn, ilé-iṣẹ́ kò ní ra ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Oko mẹ́jọ lójúmọ́. Fóònù á fún mi ní máàkì, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré jù níparí oṣù, ilé yá. Ó ti lé ẹni mẹ́ta, kò sì ní ojú tí èèyàn lè wò bẹ̀bẹ̀. Bó bá dún báyìí, àyà mi á já, kódà lórí ẹní ìrun.

Ọ̀sẹ̀ Ògún ló kó bá mi. Ní abúlé tí wọ́n fún mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sinmi lọ́jọ́ kẹrin. Ọkọ́ kì í kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òdo ni fóònù ń kọ fún mi ní gbogbo ọjọ́ kẹrin. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bọ Ògún, ṣùgbọ́n mo máa ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ilé onílé.

Ọ̀gá wa, Ẹkúndayọ̀, pè mí sí ọ́fíìsì ní Mọ́níyà.

“Kifayah, ìwọ lo kẹ́yìn. Lọ ya àwọn bàbá yẹn lọ́la.”

“Ọ̀la lọ̀sẹ̀ wọn, sà.”

“Kí wọ́n ṣáà di ọkọ́ mú, kí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń roko. Fọ́tò lásán ni.”

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Fóònù ń fún òun náà ní máàkì.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Bàbá Ògúntúyì, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ abúlé náà, níwájú ilé wọn, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n mú ọkọ́ tó fara ti ògiri.

“Kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi. Màá bẹ Ògún.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

“Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jókòó.”

Mo yà wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí. Níbi tí fóònù ti bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mo kọ ọ́ pé: ìsinmi. Mo ya agboolé mẹ́jọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo jókòó ti Bàbá, mo ya ara mi, mo kọ ìsinmi, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Níparí oṣù, fóònù lé mi.

Ẹni méjì ni wọ́n ti rán wá rọ́pò mi. Àwọn àgbẹ̀ fún wọn lómi mu, wọ́n bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà kí àtàǹpàkò òun kan fóònù wọn. Ẹ̀gẹ́ ń bẹ nílẹ̀, kò dé ilé-iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, Ẹkúndayọ̀ fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n padà wá síbi iṣẹ́, ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo fún un ní àga. Mo ní ọ̀sẹ̀ ni òní, kó padà wá lọ́la.