Orin Òmìnira ní Ṣọ́ọ̀bù Mùínátù

Ẹnu mi ló kó bá mi. Nígbà tí ìjọba dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà, kò sí olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa ní ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi, Ìdùnnúolúwa, ní Ìgèdè. Mo bá lọ bá ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Folúkẹ́, mo ní èmi Ayọ̀níkẹ́ ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ṣebí a kọ ọ́ lọ́dún 1960? Ọmọ Ìgèdè la mọ ara wa sí tẹ́lẹ̀; ọjọ́ orin yẹn ni wọ́n sọ fún wa pé ọmọ Nàìjíríà ni wá.

Apá kìíní já gaara lẹ́nu mi. Ó di apá kejì, orí mi ṣófo. Ayẹyẹ òmìnira sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ojú tì mí.

Ìdùnnúolúwa ní òun á wá a lórí fóònù. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí mo ti mọ̀ kí wọ́n tó bí àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí n wá máa bi fóònù?

Mo wọ mọ́tò lọ sí Adó-Èkìtì, sọ́dọ̀ Mùínátù tó ń ránṣọ ní Fájuyì. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó lé nílé-ìwé nígbà náà. Ó ronú títí, òun náà ò rántí.

"Ayọ̀níkẹ́, ṣé a jókòó kọ ọ́ n'ulé-ùwé ni?" ó bi mí. "Dìde jàre!"

A tò sẹ́yìn ara wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í yan: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Bí bàtà wa ṣe ń dún nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ọlọ́kadà méjì níta pa ẹ̀rọ, wọ́n dúró ṣánṣán. A kọ ọ́ parí! Mùínátù dì mọ́ mi, à ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún. Inú mi dùn dé góńgó.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo gbé orin, gbogbo àwọn ọmọ ń yan lójú kan, eruku sọ. Ìyáàfin Folúkẹ́ sáré wá bá mi níwájú àwọn òbí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, jẹ́ẹ́ ni wọ́n máa ń dúró kọ orin yìí."

"Bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ọmọ mi. Dúró jẹ́ẹ́ tìrẹ."

Ó dúró jẹ́ẹ́ lóòótọ́, ó ń kọ ọ́. Ó di apá kejì, ọ̀rọ̀ fò lórí ẹ̀. Ó wò mí. Mi ò wò ó. Nígbà tó yá, mo gbọ́ bàtà gogoro kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ohùn ọ̀gá sì ga ju tàwọn ọmọ lọ.