Oúnjẹ Àna Létí Òkun

Kí wọ́n tó kúrò ní Gowon Estate láàárọ̀ Sátidé yẹn ni Àyìnkẹ́ ti fi ọmọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ àwọn àna wọ̀nyẹn wá, ìbáà ṣe omi lásán, òun ò ní fẹnu kàn án. Tolúwalọpẹ́ ń di irun lọ́wọ́ níwájú dígí. Ó dáwọ́ dúró.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Òní ni Alhaji fẹ́ mọ̀ bóyá àwa náà fẹ́ tàbí a ò fẹ́. Tó bá fi lè ní òun ò ṣe mọ́, Fawas ò ní kọjú ìjà sí bàbá ẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èmi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ mìíràn kiri."

"Ta ló ní o má fẹ́ ẹ? Oúnjẹ wọn ni mo ní mi ò ní jẹ." Àyìnkẹ́ de kúlà rẹ̀ pa, kúlà aláwọ̀ búlúù tó kó ìrẹsì àti dòdò sí. "Nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà, ìyá ìyàwó kì í jẹun àna kí wọ́n tó ṣe ìdána. Ìyá tó bá jẹ ẹ́ ti fọmọ sílẹ̀ nìyẹn, kò tún lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ò sì tíì fi ẹ́ sílẹ̀."

Òótọ́ ni, kò tíì fi í sílẹ̀. Ká sọ tòótọ́ tán, kò mọ̀ bóyá òun máa fi í sílẹ̀ láéláé. Kì í ṣe torí pé mùsùlùmí ni wọ́n, torí ìyá tó bí ìyá Àyìnkẹ́ gan-an, ọdún Iléyá ló ń ṣe. Pé wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ni kò jẹ́ kó fẹ́ rí wọn sójú. Ilẹ̀ kan wà tí bàbá Tolú rà ní Ìgàndó nígbà ayé ẹ̀, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ta fún ẹni mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà ń sọ títí tó fi kú. Kì í ṣe ẹbí Fawas ló tà á o, ṣùgbọ́n lójú Àyìnkẹ́, kò sí ìyàtọ̀ nínú wọn. Ogún ọdún ni Àyìnkẹ́ fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé níléèwé ìjọba, ilé àyágbé ló ṣì ń gbé, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ kankan rí láyé wọn ló wá ń fi àgbádá gbá ilẹ̀ kiri. Ṣíọ̀!

Fawas ló ní kí wọ́n jọ lọ sétí òkun. Ó ní ibi tí kò ti sí onílé tí kò sì sí ayálégbé ló dáa kí ẹbí méjèèjì ti pàdé. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n sọ ṣá. Bọ́ọ̀sì kan ni wọ́n háyà, wọ́n sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó débẹ̀.

Ibẹ̀ dáa. Ohun tó kọ́kọ́ bí Àyìnkẹ́ nínú nìyẹn. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti kó òkúta ràbàtà-ràbàtà wọ inú òkun ní ìlà mẹ́jọ, omi sì ti gé iyẹ̀pẹ̀ àárín wọn wọlé ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, tí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ kan ò ní í rí ẹni tó wà ní èkejì. Iyẹ̀pẹ̀ náà funfun, igi àgbọn tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ kí àgbà, omi ibẹ̀ sì mọ́ débi pé èèyàn ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò, wọ́n ń pariwo bí ẹni pé àwọn ló dá òkun. Àyìnkẹ́ yínmú.

"Iyẹ̀pẹ̀ la fowó wọkọ̀ wá wò?" ló wí. "Ṣé iyẹ̀pẹ̀ tán ní Ìgàndó ni?"

Alhaji Tàjùdíìnì, bàbá Fawas, ò tiẹ̀ gbọ́. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ló bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ìdí òkúta dé ìdí òkúta. Ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó yíjú padà tayọ̀tayọ̀.

"Pílọ́ọ̀tì mẹ́rin lé díẹ̀! Ẹ wò ó, ilẹ̀ tó dáa báyìí, wọ́n kàn fi sílẹ̀ gbalaja!"

Olúwa mi o. Níwájú òkun Ọlọ́run! Àyìnkẹ́ wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń sọ pé ṣé o rí wọn báyìí. Kò sí iyèméjì pé bí wọ́n bá fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, á ti ta òkun náà fún ẹja, á tún tà á fún alákàn.

Ìyàwó Alhaji, Fàúsátù, ni tirẹ̀ tún wá burú jù. Ẹ̀wà ló ń tà ní ọjà Ṣáṣá. Obìnrin náà ki, ohùn rẹ̀ ki, ó sì lè wo èèyàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó ṣí abọ́ tánganran ńlá kan tó kún fún mọ́ín-mọ́ín eléwé, èéfín ṣì ń jáde lára wọn.

"Ìyá Tolú, ẹ wá jẹun."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ti jẹun."

"Ẹ mu omi nígbà náà."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Fàúsátù wò ó. Alhaji náà wò ó, ẹ̀rín tó ń rín sì kúrò lójú rẹ̀. Tolúwalọpẹ́ sọ orí kodò, ó ń fi ìka ha iyẹ̀pẹ̀. Fawas yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Àyìnkẹ́ gbé kúlà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Ó la àwọn òkúta kọjá títí ó fi dé kọ̀rọ̀ keje, èyí tó jìnnà jù, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó fi pọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú kúlà náà, torí ta ló máa gbé owó sílẹ̀ nítòsí ọmọ onílẹ̀? Ó gbé kúlà sórí iyẹ̀pẹ̀ tó tutù lẹ́bàá omi, kí oúnjẹ má baà kan. Ó fẹ̀yìn ti igi àgbọn. Ó ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó jẹun. Oorun bá gbé e lọ.

Akọ̀wé ni, kò mọ nǹkan kan nípa òkun. Ta ló máa sọ fún un pé omi ń wọlé, ó sì ń jáde? Nígbà tó lajú, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kúlà búlúù ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń mì jẹ́jẹ́ lórí omi, ó ń lọ sílùú òyìnbó láìgba físà. Ìrẹsì ń lọ. Dòdò ń lọ. Pọ́ọ̀sì ń lọ. Àyìnkẹ́ sáré wọ omi dé orókún, ìgbì kan gbá a nídìí, ó sáré padà.

"Orí burúkú wo lèyí?" ló ń wí. "Ìranù! Òkun ìranù!"

Ọgbẹ́ inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mẹ́fà bá jí. Dókítà ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ febi panú. Inú rẹ̀ ń ta á bí ẹni ń fi ata rodo ra á. Ó jókòó, ó di inú mú. Kó lọ sọ fún wọn? Kó lọ dúró níwájú Alhaji oníwọ̀n, kó ní òkun ti gbé oúnjẹ òun lọ? Ó kúkú yá kó kú síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Fàúsátù fi gba orí òkúta yọ, ó ká ìró sókè, abọ́ tánganran wà lórí rẹ̀. Ó wo Àyìnkẹ́. Ó wo ibi tí kúlà wà tẹ́lẹ̀. Ó tún wo ojú omi.

"Ẹ bá mi ṣọ́ abọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ajá tó ń rìn kiri lọ́hùn-ún ò jẹ́ ká gbádùn. Mo fẹ́ kírun Àsárì."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó gbé omi inú ike tì í, ó sì lọ sẹ́yìn igi àgbọn tó jìnnà díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Ìrun yẹn gùn. Àyìnkẹ́ ti gbé láàárín àwọn tó ń kírun fún ogún ọdún, kò rí Àsárì tó gùn tóyẹn rí.

Ó ní òun ò ní ṣí abọ́ náà. Ó ṣí i. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó tú ewé ọ̀kan, ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀. Ó bù ú sẹ́nu, inú rẹ̀ sì bà jẹ́, torí mọ́ín-mọ́ín náà dùn. Ó dùn ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Kí ló máa mú kí irú ẹni báyìí mọ mọ́ín-mọ́ín sè tóyẹn? Ìbínú ló fi jẹ èkejì. Ó jẹ ẹ̀kẹta, ó mu omi, ó de abọ́ padà, ó gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó ri ewé mọ́lẹ̀, ó sì fi etí gèlè nu ẹnu.

Fàúsátù padà dé. Ó gbé abọ́ náà sókè, ó gbé e wò díẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣé," ló wí. Àyìnkẹ́ gbójú sí òkun. Fàúsátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára sálúbàtà rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, gbogbo wọn ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ wá kó wọn. Alhaji tún àgbádá rẹ̀ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Tolú, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín. A fi oúnjẹ lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́. A fi omi lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá jẹun wa, kò fẹ́ wa nìyẹn. Àwa kì í sì fi tipátipá ṣe àna. Fawas, ó parí síbí. Kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ."

"Dádì..." ni Fawas wí.

Tolúwalọpẹ́ ò sunkún. Ó kàn jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń wò ó. Àyìnkẹ́ ò lè wo ojú náà. Fàúsátù ló ń wò, Fàúsátù tó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀, tó ń wo òkun bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án. Obìnrin yẹn mọ̀. Ó mọ̀, kò sì ní sọ! Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀ ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì fi sílẹ̀ fún ẹni tó jẹun. Ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí Àyìnkẹ́ bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé, á padà sí Gowon Estate pẹ̀lú iyì rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó báyìí.

"Alhaji, ẹ dúró ná," ló wí. "Mo jẹun."

"Oúnjẹ ta ni?"

"Tiyín. Mọ́ín-mọ́ín yẹn. Méjì ni mo jẹ." Ó gbé imú sókè. "Iyọ̀ rẹ̀ ò sì tó."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Fàúsátù nìkan ni kò mira. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ewé mẹ́ta tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára wọn jáde, ó sì tò wọ́n sórí ọmọrí abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́ta ni, Ìyá Tolú," ló wí. "Bí iyọ̀ rẹ̀ ò bá tó, kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ mẹ́ta?"